Wúrà Inú Oko Yín: Ẹ Mọ Ọwọ́ Tó Ń Bọ́ Sí

Bí àlejò kan bá wọ oko yín, tó ní òun fẹ́ gbẹ́lẹ̀ létí odò, tó sì na owó sí yín, ẹ má tíì gbà á. Ẹ fún un lómi mu, ẹ bi í lórúkọ, kí ẹ sì ní kó mú ìwé àṣẹ rẹ̀ wá. Àwa tí à ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti Ìperindó dé Ìtàgúnmọ́dì, ti rí oko kòkó tó di adágún omi pupa láàárín oṣù mélòó kan, tí olóko kò sì lè sọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ohun tó mú wa kọ ìwé yìí nìyẹn.

Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè ibi tó ti wá

Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Àwọn tó mọ iyì rẹ̀ ti wá pọ̀ báyìí. Ẹ̀rí ibi tó ti wá ló ṣọ̀wọ́n. Láti ọdún 2011 ni àjọ OECD, tí àwọn orílẹ̀-èdè tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọlọ́rọ̀ fi ń fọwọ́sowọ́pọ̀ lórí ọrọ̀ ajé, ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn tó ń ra ohun àlùmọ́ọ́nì: kí wọ́n wádìí bóyá ọmọdé ló wà á, bóyá àwọn tó gbébọn ń gba owó lórí rẹ̀, bóyá wọ́n san owó orí àti owó ìjọba, bóyá wọ́n fi rìbá dí ẹnìkan lẹ́nu. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2021, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ di dandan fún àwọn oníṣòwò tó ń kó wúrà àti irin mẹ́ta mìíràn, ìyẹn tíìnì, táńtálọ́ọ̀mù àti tungsten, wọlé, bí ẹrù wọn bá ti kọjá ìwọ̀n kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kòkó kò ní ṣàìmọ irú ìbéèrè yìí, torí àwọn tó ń rà á náà ti ń gbé fóònù wá sóko láti wọn ojú ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n wúrà yàtọ̀ sí kòkó ní ibì kan. Ẹni tó gbẹ́ ẹ yóò tà á fún alágbàtà tó dúró létí kòtò, alágbàtà yóò gbé e lọ bá oníṣòwò nígboro, oníṣòwò yóò gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ. Tí iná bá ti yọ́ ọ, wúrà kòtò mẹ́wàá ti di ẹyọ kan. Kò sí ẹni tó lè wò ó mọ̀ mọ́ pé èyí ti oko bàbá Lágbájá wá, tàbí pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ló gbé iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lórí. Etí kòtò nìkan ni ẹ̀rí ti lè bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀yin kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kò sí ọlọ́gbọ́n tó máa bá yín kọ ọ́ ní Dubai tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìwé, kí gbígbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ọdún 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni ohun tó wà nínú ilẹ̀. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kàn wá hú kòkó yín. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ilẹ̀ ìwakùsà sílẹ̀, tí olú rẹ̀ wà ní Àbújá, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Ìwé náà ní nọ́ńbà. Ẹ da nọ́ńbà yẹn kọ, kí ẹ ní kí ọmọ yín tó kàwé tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín bá yín wádìí rẹ̀. Òfin kan náà ní kí olùwakùsà san owó gbà-má-bínú fún olóko lórí ohun ọ̀gbìn tó bá bàjẹ́, kó sì bá ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó yọ abúlé, ọjà, ibi ìsìnkú àti ojúbọ kúrò lára ilẹ̀ tí wọ́n lè gbẹ́.

Ẹ ka igi yín kí katakata tó wọlé. Kòkó mélòó, ọ̀pẹ mélòó, obì mélòó, èwo ló ti ń so. Ẹ ya fọ́tò wọn. Igi tó ti wó kò ṣe é kà mọ́, iye tó bá sì wu ẹni tó wó o ni yóò pè.

Ẹ má gbé òkúta wálé

Ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ará abúlé ń lọ òkúta wúrà nínú agbo ilé, pẹ̀lú irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà. Òjé, irin olóró kan, pọ̀ nínú òkúta náà. Eruku bà lé ẹní, ó bà lé oúnjẹ, ó bà sára adìyẹ, àwọn ọmọ sì ń rá nínú rẹ̀. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí àwọn dókítà fi dé Dareta àti Yargalma lọ́dún 2010, gìrì ti ń mú àwọn ọmọ. Ó lé ní 400 ọmọdé tó kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn òbí wọn kò ṣe ju ohun tí òbí ń ṣe lọ: wọ́n gbé iṣẹ́ tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ wálé.

Ojú kì í rí òjé nínú eruku, nítorí náà ẹ má dúró wo bóyá ti ilẹ̀ wa yàtọ̀. Ọ̀nà jíjìn sí ilé àti sí odò ni kí ẹ ti máa lọ òkúta. Kí ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀ wẹ̀, kó sì pààrọ̀ aṣọ kó tó gbé ọmọ. Ẹ̀rọ tó bá ti lọ òkúta kò gbọdọ̀ lọ àgbàdo mọ́ láé.

Mẹ́kúrì ńkọ́, omi bíi fàdákà tó máa ń yí gbirigbiri yẹn? Ó máa ń kó wúrà wẹ́wẹ́ pọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fi iná sun ún. Èéfín rẹ̀ ni ewu. Ó ń ba ọpọlọ jẹ́, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú oyún. Èyí tí wọ́n bá dà sódò yóò wọ inú ẹja. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn Minamata lórí rẹ̀. Minamata ni ìlú kan ní Japan tí mẹ́kúrì láti ilé iṣẹ́ kan ba ẹja ibẹ̀ jẹ́, tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn, tó sì sọ àwọn mìíràn di aláàbọ̀ ara. Àpótí ìfọ̀ tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí nísàlẹ̀ lè gba wúrà púpọ̀ dúró láìlo mẹ́kúrì rárá. Ẹni tó bá sì ṣì ń lò ó kò gbọdọ̀ sun ún nínú ilé ìdáná tàbí nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Títà á, àti dídí kòtò

Ẹ ra òṣùwọ̀n tiyín, ó kéré tán kí ẹgbẹ́ yín ní ọ̀kan, nítorí òṣùwọ̀n alágbàtà kì í gbè yín. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó forúkọ sílẹ̀, tó ń tà pọ̀, tó sì ní ìwé, lè bá olùrà ńlá sọ̀rọ̀ láìgba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ní ti kòtò, ẹ ní kí wọ́n kó ilẹ̀ dúdú òkè sọ́tọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ pupa, kí ó lè padà sókè nígbà tí wọ́n bá ń dí i. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu lórí èyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n máa dí i sínú àdéhùn, kí ẹ sì di apá kan owó wọn mú títí iṣẹ́ náà yóò fi parí.

Lálẹ́ òní, ẹ wá ìwé ọmọléèwé kan. Ẹ kọ orúkọ oko yín sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ní abẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ẹni tó wá, nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀, ìwọ̀n wúrà tó jáde, ẹni tó rà á àti iye tó san. Kí ẹni méjì nínú ilé mọ ibi tí ìwé náà wà.