Ìgbà òtútù ní Nàmíbíà: ìbéèrè àwọn tó ń wakọ̀ létí òkun àti nínú aṣálẹ̀

Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹjọ ni òtútù máa ń mú ní Nàmíbíà, ìgbà tí òjò ń rọ̀ nílé lọ́hùn-ún. Àwọn èèyàn wa tó ń lọ síbẹ̀ gbọ́ “aṣálẹ̀”, wọ́n sì di aṣọ fífẹ́lẹ́ sínú àpò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sán gangan la wọ Swakopmund, ìlú etí òkun, nínú oṣù keje, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. A ò rí oòrùn sójú. Ṣé aṣálẹ̀ náà nìyí?

Òun náà ni. Òkun ló fà á. Omi tútù tí wọ́n ń pè ní Benguela ń ṣàn láti ìhà gúúsù gba etíkun náà kọjá. Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ kọjá lórí rẹ̀ á tutù, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á di kùrukùru, kò sì ní ráyè gòkè di òjò. Òjò ọjọ́ kan ṣoṣo ní Èkó lè ju ti odindi ọdún ní Swakopmund lọ, síbẹ̀ aṣọ tí ẹ sá síta lálẹ́ lè má gbẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ wakọ̀ kúrò létí òkun, kẹ́ẹ kọjú sí Usakos ní àárín ilẹ̀, kùrukùru á tú, oòrùn á yọ. Ṣùgbọ́n ní àárín ilẹ̀, òru ni kẹ́ẹ bẹ̀rù: ní Sesriem, ẹnu ọ̀nà àwọn òkè iyanrìn Sossusvlei, òtútù ìdájí lè sún mọ́ èyí tí omi fi ń dì. Ẹ wọ aṣọ lérí ara wọn, èyí tí ẹ lè máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọjọ́ bá ṣe ń gbóná. Ẹ sì béèrè búláńkẹ́ẹ̀tì kún èyí tí òtẹ́ẹ̀lì fún yín kí ẹ tó sùn, torí ọ̀pọ̀ yàrá ibẹ̀ ni kò ní ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná.

Mo tan gbogbo iná ọkọ̀ nínú kùrukùru láàárín Swakopmund àti Walvis Bay, ńṣe ni n kò ríran rárá. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ rẹ iná sílẹ̀. Iná gíga á kọlu kùrukùru, á sì padà sójú yín. Ohun kan tún wà tí àwa ará Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: apá òsì ni wọ́n ń wà níbẹ̀, a sì ti ń wa apá ọ̀tún láti 1972. Bí ìlà ojú títì kò bá hàn, ọwọ́ yín á fẹ́ fa ọkọ̀ sọ́tùn-ún, ibẹ̀ gan-an sì ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ wà. Bí kò bá sí ohun tó ń lé yín, ẹ jẹ́ kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ kọjá kẹ́ẹ tó gbéra. Ẹni tó fẹ́ wọ bàálù ní Walvis Bay náà kó má fi àkókò há ara rẹ̀ mọ́, torí kùrukùru yìí a máa dá bàálù dúró.

Títì tó lọ sí Cape Cross kò ní kòtò, òjò kò sì rọ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ wa ń yọ̀. Kí ló dé?

Kì í ṣe ọ̀dà lẹ rìn lórí rẹ̀. Láti ìlú Henties Bay lọ sí ìhà àríwá, erùpẹ̀ oníjípúsọ̀mù (irú òkúta rírọ̀ kan) tí wọ́n fi omi iyọ̀ pò, tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́lẹ̀, ni títì náà. Bó bá gbẹ, ó le, ó sì tẹ́jú débi pé èèyàn á gbàgbé ara rẹ̀. Kùrukùru àárọ̀ nìkan ti tó láti sọ ojú rẹ̀ di ẹrẹ̀ yíyọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ni kẹ́ẹ máa wò: ibi tó bá dúdú tó sì ń dán, omi wà níbẹ̀. Ẹ dẹ ẹsẹ̀ lórí epo kẹ́ẹ tó débẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ fi omi ṣan abẹ́ ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá padà, kí iyọ̀ má baà jẹ irin.

Bùọ̀dá, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí a ti ń gbọ̀n, ooru dé lójijì, iyanrìn sì ń fò. Àwọn ará ìlú ní ká má jáde. Ṣé wọn kò sọ àsọdùn?

Wọn kò sọ àsọdùn rárá, ẹ gbọ́ tiwọn. Afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn nìyẹn, ìgbà òtútù gan-an ló sì máa ń jà. Ó jọ ọyẹ́ ní gbígbẹ àti eruku, ṣùgbọ́n ooru ló ń gbé bọ̀. Láti orí ilẹ̀ gíga àárín orílẹ̀-èdè náà ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ (Windhoek, olú ìlú wọn, ga ju mítà 1,600 lọ sí òkun), bó ṣe ń sọ̀ ló ń fún pọ̀, tó sì ń gbóná sí i. Ìlú tó wà ní dígírì 15 lánàá lè kọjá 30 lónìí.

Tọkọ̀ ló burú jù. Iyanrìn á bó pẹ́ńtì, á sì ha gíláàsì iwájú títí á fi di funfun bàǹtù. Ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ háyà ni kò ka irú ìbàjẹ́ yìí mọ́ ìnṣọ́ránsì. Ẹ ka tiyín kẹ́ẹ tó buwọ́ lù ú. Ẹ wá ẹ̀yìn ilé tàbí gáréèjì gbé e sí. Bó bá ká yín mọ́ ojú ọ̀nà, tí ẹ rí ibi tí ẹ lè yà sí láìdí ọ̀nà, ẹ dúró, ẹ kọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́.

A fẹ́ wakọ̀ láti Sesriem padà sí Windhoek lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ṣé ilẹ̀ ò ní ṣú bá wa?

Ó ṣeé ṣe kó ṣú bá yín. Ní oṣù kẹfà, oòrùn a máa wọ̀ ní Windhoek ní nǹkan bí agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. (Àwọn ìwé ìrìnàjò àtijọ́ á sọ pé agogo márùn-ún kọjá, láti 2017 ni wọn kò ti yí agogo padà mọ́.) Títì olókùúta wẹ́wẹ́ kò gba eré, ẹ má kọjá 80 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú ni kudu máa ń fò sójú ọ̀nà, ẹranko tó ga tó ẹṣin. Ẹ gbéra láàárọ̀, ẹ ra epo ní Solitaire, ẹ yẹ sípíà wò kẹ́ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ṣé ọkọ̀ kékeré lè dé Sossusvlei?

Ó lè dé ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ọ̀dà parí sí. Kìlómítà márùn-ún tó kù, iyanrìn jíjìn ni, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà ló lè gbà á, òun náà á sì kọ́kọ́ tú atẹ́gùn táyà sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn ọkọ̀ akérò wà níbẹ̀ tó ń gbé èèyàn wọlé. Ẹ sanwó, ẹ wọ̀ ọ́.