Bí mo ṣe kó sílé ní Leeds, àti gbèsè iná tí mi ò jẹ

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó gbàgbé, torí àwọn tó ń bọ̀ ní Sẹ̀tẹ́ńbà ti ń yọ mí lẹ́nu lórí WhatsApp, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn dẹ̀ ń bi mí: báwo lẹ ṣe rílé? Ilé rírí kọ́ ni wàhálà o. Ẹ máa rílé. Ìgbà tí wọ́n bá fún yín ní kọ́kọ́rọ́ tán ni wàhálà gangan ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn lẹnì kankan ò dẹ̀ sọ fún mi.

Jánúárì 2025 ni mo dé Leeds wá ṣe másítà. Ọ̀rẹ́ màámi kan tó ń gbé ní Beeston ló gbà mí sílé, Mọ́mì la máa ń pè é, orí àga pálọ̀ wọn ni mo sùn fún ọjọ́ mọ́kànlá. Mọ́mì ò lé mi, kódà ó ń bínú tí mo bá ti dárúkọ ilé, àmọ́ ẹni tó bá ń sùn ní pálọ̀ onípálọ̀ máa ń gbọ́ bí àwọn ará ilé ṣe ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn láàárọ̀ nítorí ẹ̀, ojú dẹ̀ ń tì mí. Bí èmi àti ọmọ Ìbàdàn kan tá a jọ wà ní kíláàsì ṣe para pọ̀ nìyẹn, a ní ká jọ wá ilé oníyàrá méjì.

Harehills la ti rí i. Ilé ibẹ̀ ní orúkọ tó pa mí lẹ́rìn-ín, back-to-back, ìyẹn ni pé ẹ̀yìn ilé yín ló jẹ́ ẹ̀yìn ilé ẹlòmíì, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín, kò sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé torí kò sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ní ẹ̀gbọ́n face-me-I-face-you rèé, àwọn wọ̀nyí kẹ̀yìn síra wọn ni. Ìjọba ti fòfin de irú ilé bẹ́ẹ̀ látọdún 1909, àmọ́ Leeds ò dá wọn lóhùn, wọ́n ń kọ́ ọ lọ títí di 1937. Tí òòrùn bá yọ, ẹ máa rí i tí wọ́n ta okùn láti ilé kan sí ìkejì lórí títì, wọ́n sá aṣọ sí i, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i ara mi yá gágá, mo ní àṣé a ò jìnnà sílé.

Rẹ́ǹtì jẹ́ £700 lóṣù. Éjẹ́ǹtì ní ká mú onídùúró wá, onídùúró ọ̀hún dẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé UK kó ní iṣẹ́ tó ń mówó gidi wọlé. Mọ́mì fẹ́ ṣe é, àmọ́ owó tó ń wọlé fún un ò tó iye tí wọ́n ń wá. Wọ́n bá ní tí kò bá sí onídùúró ká san oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, £4,200, èmi àtèkejì mi pín in sí méjì, mo fi ọwọ́ ara mi sanwó yẹn inú mi dẹ̀ ń dà rú. Deposit, bíi caution fee tiwa, tún wà lọ́tọ̀. Òfin wọn ò gbà kó ju rẹ́ǹtì ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ fún irú ilé tiwa, ó jẹ́ £807, wọ́n dẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ fi owó náà pa mọ́ sọ́dọ̀ àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí wọ́n fún yín níwèé ẹ̀. Ẹ béèrè ìwé yẹn o, ẹ má tijú.

Wọ́n tún gba share code, ìyẹn kóòdù tí wọ́n fi ń yẹ físà èèyàn wò, lọ́wọ́ wa kí wọ́n lè mọ̀ pé a lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ilé. Orí UKVI account, ìyẹn àkántì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fi ń wo eVisa yín, lẹ ti máa rí i. Èmi kù gìrì, mo fi èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W ránṣẹ́, obìnrin kan lọ́dọ̀ éjẹ́ǹtì dá a padà, ó ní ti iṣẹ́ nìyẹn, ti ilé ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R. Ọjọ́ kan gbáko ló bá ìyẹn lọ.

Ó wá kan ọjọ́ kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ Fáídè ni, aago mẹ́rin lù ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo pe màámi lórí fídíò, kò wọlé, Òṣogbo ò níná, mo bá ká fídíò ilé náà fún un látòkè délẹ̀: yàrá mi rèé, kíṣìnì rèé, ibi tá a ti ń wẹ̀ rèé (kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀ ibi ìwẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wò ó), mo tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ níbi tí mítà wà. Mo fi ránṣẹ́. Nígbà tí màámi rí i lálẹ́, gbogbo ohun tó bi mí ò ju, "Kí lèyí tó ń ṣẹ́jú pupa nínú òkùnkùn yẹn?" Mo ní mítà iná ni, mà. Ó ní, "Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín."

Mítà wa jẹ́ èyí tí èèyàn ń sanwó sí kó tó lò ó, bíi prepaid tiwa, àmọ́ kò sí nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa tẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ oníke kékeré kan ni ti iná, káàdì ni ti gáàsì, ẹ máa gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lẹ PayPoint mọ́, wọ́n á fi owó sí i, ẹ ó wá padà wá tì í bọ mítà. A bá méjèèjì lórí kọ́bọ́ọ̀dù ní kíṣìnì. Inú wa dùn, a sáré lọ fi £20 sí ti iná. Mo tì í bọ mítà báyìí, £6 lé díẹ̀ péré ló gbé jáde. A ò tíì tan gílóòbù kan o! Èkejì mi ní bóyá ó ń ṣírò ni, ká dúró. A dúró. Kò ṣírò nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, £5 tún fò lọ lóru ọjọ́ kan.

Àṣé báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Tówó bá tán, mítà máa ń yá èèyàn ní owó díẹ̀ kó má bàa wà lókùnkùn, bàbá tó gbé ibẹ̀ kí a tó dé ti yá £10 lò kó tó kó jáde. Owó ojoojúmọ́ tún wà tí mítà ń kà báwọn èèyàn lo iná bí wọn ò lò ó, ìyẹn náà ń kà jọ ní gbogbo ìgbà tílé ṣófo. Ní àfikún, bàbá náà tún ní gbèsè àtijọ́ tí wọ́n ní kí mítà máa yọ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo ẹ̀ wà nínú kọ́kọ́rọ́ oníke yẹn. Àwa la wá fọwọ́ ara wa gbé e.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gbé bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ tó nu ilẹ̀, ẹ lọ ya fọ́tò mítà, ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ń fún ilé yẹn níná, ẹ ní èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, nọ́ńbà tí mo bá lórí mítà rèé, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tèmi. Ẹ má fọwọ́ kan tẹni àná. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo pè wọ́n lẹ́yìn ọjọ́ kẹsàn-án, mo gbọ́ orin ìdúródeni wọn fún bí ogójì ìṣẹ́jú, ọkùnrin kan wá gbé e, ó ní kí ni nọ́ńbà mítà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wọlé? Ọkàn mi já. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá rántí fídíò màámi. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró, mo ṣí WhatsApp, mo fa fídíò yẹn síwá sẹ́yìn títí mo fi ká nọ́ńbà mọ́ ibi tó dúró sí, iná pupa ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ka a fún un. Ó ní ká fi ìwé àdéhùn ilé ránṣẹ́ sí ímeèlì àwọn. Kọ́kọ́rọ́ tuntun dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n dẹ̀ dá £19 padà fún wa sórí ẹ̀. Mo pe màámi, mo ní ẹ ṣeun, mà. Kò mọ ohun tó ṣe.

Omi gbígbóná náà kọ̀ lọ́jọ́ kejì. Bọ́ílà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó wà lára ògiri kíṣìnì yẹn, ó ní aago kékeré kan nísàlẹ̀ tó ń fi agbára omi inú ẹ̀ hàn, ó yẹ kó wà láàárín 1 sí 1.5, tiwa wà lórí òdo. Éjẹ́ǹtì ló júwe fún wa lórí fóònù bá a ṣe máa ṣí fáàfù tó wà lábẹ́ ẹ̀, kí omi wọlé díẹ̀díẹ̀, ká dẹ̀ tì í kó tó kọjá 1.5. Títí omi fi dé, a bu omi sínú kẹ́tù, a sè é, a dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tá a rà ní Kirkgate Market, a wẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì. Kí n má parọ́, títí di ìsinsìnyí bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo fi ń wẹ̀.

Owó orí ilé tí kánsù ń gbà ò kàn yín tó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ fúlútáìmù ni gbogbo àgbà inú ilé, àmọ́ kì í ṣe pé wọ́n máa mọ̀ fúnra wọn, ẹ lọ gba ìwé lọ́dọ̀ yunifásítì yín kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Àwa dákẹ́, bíìlì wá dé. A fi ìwé ránṣẹ́, wọ́n sọ ọ́ di òdo. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, tó sún mọ́ ilé kí ara tó ro yín, ẹ ti sanwó ẹ̀ mọ́ físà, £776 lọ́dún. Bíìnì dúdú wà fún ìdọ̀tí, aláwọ̀ ewé fún páálí àti ike. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín ata, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn kíṣìnì, torí aago èéfín ilé wa ti pariwo débi tí ìyá ará Pakistan tó wà ní iwájú fi wá kànlẹ̀kùn pé ṣé kò sí o, ọbẹ̀ ọ̀hún la bù fún wọn lọ́jọ́ yẹn.

Ìwé bàbá tó gbé ibẹ̀ ṣáájú wa ṣì ń dé. Mi ò rí i rí, àmọ́ mo ti mọ orúkọ ẹ̀ ju ti lándílọ́ọ̀dù lọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, méjì tún já bọ́ láti ojú ihò ilẹ̀kùn, ọ̀kan nínú wọn nípọn. Mo fi bírò kọ ọ́ sí iwájú ẹ̀ pé kò gbé ibí mọ́, ẹ dá a padà, mo jù ú sínú àpótí pupa tó wà ní ìkòríta bí mo ṣe ń lọ síléèwé.