Ínfátà fún Rélùwéè Orí Tábìlì

₦42,000 ni iṣẹ́ ínfátà tí mo ṣe fún rélùwéè kékeré mi gbà lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ tí mo ti fọkàn sí pé kò ní ju ₦10,000 lọ. Màmá Sọ̀dìkù ò tíì mọ iye yẹn o, ẹ bá mi pa á mọ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé ó lé ní ìdajì owó náà tí mo kó lé nǹkan tí kò wúlò. Ẹnu dídùn ni wọ́n fi tà á fún mi, èmi náà ò sì bèèrè ohun tó yẹ kí n bèèrè. Ìlọrin ni mo ń gbé, ìlú tí ẹnu rẹ̀ dùn ju iyọ̀ lọ. Ó yẹ kí n ti mọ̀.

Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Ibùdókọ̀ rélùwéè ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, torí náà ojú irin yẹn, tó dé Ìlọrin ní 1908, tó sì kan Jẹ́bà ní 1909, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà á mọ́ mọ̀lẹ́bí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Jámánì gbé rélùwéè kékeré wálé fún mi, díẹ̀ ló kù kí n sunkún. HO ni, ìyẹn ni pé tí ẹ bá to irú rẹ̀ 87 tẹ̀lé ara wọn, gígùn wọn á di ti ojúlówó. Irin rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 16.5, tó bá irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn mu. Ti Ọ̀fà tèmi, tí ojúlówó irin rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 1067, mílímítà 12 ló yẹ kó jẹ́. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀, ó ń dùn mí. Mo gbé odidi pákó kan kalẹ̀ nínú yàrá àlejò ní Tánkẹ̀, mo to irin sí i, àlejò ò sì ríbi sùn mọ́.

Kì í ṣe irú ọkọ̀ ọmọdé tó ń fi bátìrì rìn. Inú irin méjèèjì ni iná ń gbà, bíi fóòtì (volt) 15, inú iná kan náà ni àṣẹ sì ń gbà: sáré, dúró, fọn fèrè. DCC ni wọ́n ń pe ètò náà. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wà nínú orí ọkọ̀ tó ń gbọ́ àṣẹ, dikódà lorúkọ rẹ̀. (Kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n tí à ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Èèyàn mẹ́ta ló ti bi mí bóyá rélùwéè mi ń gbé bọ́ọ̀lù jáde.) Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá gun eruku báyìí, iná já, dikódà kú, ọkọ̀ dúró. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ọyẹ́ Ìlọrin. Ẹ nu tábìlì láàárọ̀, ẹ ó fi ìka kọ orúkọ yín sórí rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Sípírítì ni mo fi ń nu irin lójoojúmọ́, síbẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti dé ibi tí irin ti yà sọ́nà méjì, ó di kí n fi ìka tì í.

Ohun tí àwọn tó ń ṣe eré yìí máa ń ṣe ni pé wọ́n á so kàpásítọ̀ mọ́ dikódà, kó máa tọ́jú iná pamọ́ de ìgbà tí irin bá já a kulẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe dikódà ń tà á: TCS pe tiwọn ní Keep-Alive, ESU pe tiwọn ní PowerPack. Ínfátà ọkọ̀ ni, kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Àṣìṣe mi ni pé mo pè é bẹ́ẹ̀ létí ìyàwó mi.

"Bàbá Sọ̀dìkù, ilé tí à ń gbé ò ní ínfátà, rélùwéè lẹ wá fẹ́ ra tiẹ̀ fún?"

N ò fèsì. Èsì wo ló wà níbẹ̀?

Èyí tí wọ́n ti ṣe tán, owó tí wọ́n fẹ́ fi gbé e wọ̀lú ju owó òun fúnra rẹ̀ lọ. Mo ní kí n ṣe tèmi. Láti ilé-ìwé girama ni mo ti ń jó lẹ́ẹ̀dì, rédíò tí mo ti jí dìde ládùúgbò yìí ò sì lóǹkà. Ìlànà rẹ̀ ò le. Kàpásítọ̀ á wà láàárín pọ́sítíìfù dikódà, ìyẹn wáyà búlúù, àti négétíìfù rẹ̀. Rẹsísítọ̀ óòmù 100 á dúró lójú ọ̀nà kí kàpásítọ̀ má baà fa iná wọlé bí ẹni tó ti gbààwẹ̀ látàárọ̀. Dáyóòdù kan, tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí iná á gbà jáde wẹ́rẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ ẹ. Bí ẹ ṣe máa tú ọkọ̀ àti bí ẹ ṣe máa bó wáyà, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yọ kan ni mo máa tẹnu mọ́: wáyà dúdú kì í ṣe négétíìfù níbí o. Nínú àwọ̀ tí NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe rélùwéè kékeré ní Amẹ́ríkà, là sílẹ̀, irin òsì ni dúdú ń bá lọ, pupa ń bá ti ọ̀tún lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ́ṣẹ́ iná, ti gbé áyọ́ọ̀nù lé dúdú kí n tó gbá a lọ́wọ́ dànù. Négétíìfù gan-an, ara dikódà ni ẹ ó ti fi mítà wá a, lẹ́bàá dáyóòdù mẹ́rin tó ń sọ iná irin di olójú kan.

Ìgbà tó kan kàpásítọ̀ ni ọ̀ràn dé.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Challenge, Ìlọrin níbí. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, "Alájì, ẹ kú ọ̀sán, ẹ wọlé," èmi tí n ò tíì fojú kan Mẹ́kà. Ó kọ́kọ́ mú 1000 µF, fóòtì 25 wá. (Fáràdì, F, ni wọ́n fi ń wọn iná tí kàpásítọ̀ lè gbà; 1000 µF jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fáràdì.) Mo mọ̀ pé ìyẹn ò tó, ẹ́ńjìnnì tó ń fa ìdá kan nínú márùn-ún ámpì á gbé e mì kí ojú tó ṣẹ́. Ló bá wọ inú lọ, ó mú nǹkan dúdú roboto kan jáde, pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, wọ́n kọ 5.5V àti 1F sí i lára. Fáràdì kan odidi! Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ti àkọ́kọ́. ₦7,500 lẹ́yọ. "Alájì, èyí lè gbé fáànù," ló wí. Mo ra mẹ́ta, mo so wọ́n tẹ̀lé ara wọn kí fóòtì wọn lè di 16.5. Orin ni mo kọ délé.

Mo jó wọn mọ́ ọn lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Láti dán an wò, mo lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ orí irin méjèèjì, kó gùn ju ọkọ̀ lọ díẹ̀. Mo fún ọkọ̀ láyè kó gba iná, mo ní kó máa bọ̀. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ó gun téèpù, ó dúró gbagidi. Ṣùgbọ́n iná iwájú rẹ̀ ṣì ń tàn yòò, ó ń wò mí lójú. (Iná yẹn, èmi ni mo so ó tààrà mọ́ pọ́sítíìfù àti négétíìfù, kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ dikódà.)

Iná yẹn ló ṣì mí lọ́nà. Ká ní ó kú ni, n bá ti mọ̀ pé kàpásítọ̀ ò ní nǹkan kan nínú. Ṣùgbọ́n iná wà, ẹ́ńjìnnì ò lọ. Mo ní mọ́tò ló bàjẹ́. Mo tú u, mo fọ̀ ọ́, mo kán epo sí i. Iná tàn, ọkọ̀ ò lọ. Mo ní dikódà ni. Mo yọ ti ọkọ̀ kejì, mo jó o mọ́ èyí. Iná tàn, ọkọ̀ ò lọ. Mo ní lẹ́ẹ̀dì ni kò mú, mo tún gbogbo oríkèé jó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Àmàlà á dì sínú abọ́, NẸ́PÀ á mú iná lọ, n ó fi ẹnu gbé tọ́ọ̀ṣì kí ọwọ́ mi lè ráyè. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Jámánì, wọ́n ní kí n kó o padà sínú páálí. Mo bínú sí wọn fún ọjọ́ méjì.

Ní Sátidé kan ni mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ kìíní. Mo so mítà mọ́ orí àwọn kọ́bọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ń gbé e tẹ̀lé ọkọ̀ bó ṣe ń lọ. Mítà ń ka 13.4. Bí ẹsẹ̀ ṣe kan téèpù, ó já ṣòòròṣò wá sí 3, ọkọ̀ dúró. Kí n tó mí, ó ti gun òkè padà sí 12, láìsí ẹni tó fún un níná. Mo jókòó sílẹ̀.

Irú kàpásítọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣe é kí aago inú ẹ̀rọ má baà gbàgbé àkókò nígbà tí iná bá lọ. Tíntín-tíntín ló ń fúnni, fún ọjọ́ pípẹ́. Ìdènà tó wà nínú ara rẹ̀ pọ̀, ó lè tó óòmù 30 lórí ẹyọ kan. Mẹ́ta tẹ̀léra, 90. Ẹ wá ní kí ìdá kan nínú márùn-ún ámpì gba ibẹ̀ kọjá: fóòtì 18 ni wọ́n fẹ́ jẹ sínú ara wọn, bẹ́ẹ̀ 13 péré ló wà ńlẹ̀. Àmù ńlá tó kún dẹ́nu ni, ṣùgbọ́n ihò abẹ́rẹ́ ni wọ́n lu sí i. Gílóòbù tó ń fẹ́ ẹ̀kán omi kan rí mu, ẹ́ńjìnnì tó gbé garawa wá, òùngbẹ gbẹ ẹ́ pa.

Mo kó wọn padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. "Alájì, a kì í gba ọjà tí wọ́n bá ti jó." Òótọ́ ló sọ, òótọ́ yẹn gan-an ló sì bí mi nínú.

Ojúlùmọ̀ mi kan ní Alábà ló bá mi wá èyí tó yẹ: gbọọrọ, ó tó orí ìka ọmọdé, fóòtì 2.7, fáràdì 1. Ìdènà inú tirẹ̀ kò tó nǹkan. ₦2,000 lẹ́yọ, mo ní kó fi mẹ́fà ránṣẹ́, wébíìlì jẹ́ ₦3,000. Márùn-ún tẹ̀léra á lè gba fóòtì 13.5, àwọn kan á sì ní ó tó. Mẹ́fà ni tèmi, 16.2, torí n ò fẹ́ kí nǹkan bú gbàù lójú mi. Wọn ò gba inú orí ọkọ̀, wágúnù ẹrù tó tẹ̀lé e ni mo kó wọn sí, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sì so ó pọ̀ mọ́ dikódà. Ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú kan kó yó kí ẹ tó dán an wò.

Ó gun téèpù, ó kọjá bí ẹni pé kò sí téèpù níbẹ̀. Mo fi téèpù kún téèpù. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ló fi rìn láìrí iná irin! Mo pariwo débi pé Sọ̀dìkù sáré wọlé. Ìgbéraga wá gùn mí, mo ní, "Wò ó, wò ó," mo já iná gbogbo tábìlì kí ọmọ lè rí i pé ọkọ̀ bàbá òun ò nílò NẸ́PÀ. Ọkọ̀ ń lọ lóòótọ́. Ó lọ títí ó fi dé ibi tí irin parí sí, èmi ń tẹ bọ́tìnnì ìdúró, ta ló fẹ́ gbọ́? Àṣẹ tó yẹ kó gbọ́, inú iná tí mo já ló wà. Ó já bọ́ sórí sẹ̀rámíìkì, ìkọ́ iwájú rẹ̀ kán. Sọ̀dìkù ní, "Bàbá, ṣé bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn?"

Torí náà, tí ẹ bá fẹ́ dá a dúró, àṣẹ ni kí ẹ fún un, ẹ má já iná. Ẹ wo CV29 pẹ̀lú, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà ètò (CV) tó wà nínú dikódà. Tèmi wà ní 6, mo yí i sí 2 kí dikódà má baà rò pé iná rélùwéè àtijọ́, tí kò ní àṣẹ nínú, ló ń gbà, kó wá máa sáré fúnra rẹ̀. Mo tún fi súkẹ́ẹ̀tì kékeré kan sójú wáyà wágúnù yẹn, mo máa ń yọ ọ́ kí n tó gbé ọkọ̀ lọ sójú irin tí a ti ń ka CV, torí pẹ̀lú kàpásítọ̀ lára rẹ̀, ẹ̀rọ ò rí èsì kankan kà.

Ní ti àwọn kọ́bọ̀ mẹ́ta yẹn, méjì wà nínú agolo mílíìkì. Mo so ẹ̀kẹta mọ́ gílóòbù kékeré kan, Màmá Sọ̀dìkù fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, òun ni wọ́n fi ń wá ihò kọ́kọ́rọ́ lálẹ́. Wọ́n ní nínú gbogbo nǹkan tí mo ti ṣe láti ìgbà tí rélùwéè ti wọlé, òun nìkan ló ní làákàyè.