Bí a ṣe ń ti kọ̀ǹpútà àti bí a ṣe ń pa á láìlo máòsì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi láptọ́ọ̀pù yín sílẹ̀ ní ṣíṣí torí ẹ fẹ́ lọ gba ìpè. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ L, ojú ẹsẹ̀ ló máa tì. Tí ẹ bá dé, ẹ tẹ Enter, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé.

Pípa rẹ̀ ló ká mi lára jù. Ẹ yé tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú, iṣẹ́ tí ẹ ò tíì tọ́jú máa ń bá a lọ ni! Ẹ kọ́kọ́ tẹ Ctrl pọ̀ mọ́ S láti tọ́jú iṣẹ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Windows pọ̀ mọ́ X, ẹ gbọ́wọ́ kúrò, ẹ wá tẹ U lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ń kú nìyẹn. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí tí máòsì bá kọṣẹ́.