Ẹ Wọn Wáìnì Kẹ́ Ẹ Tó Mu Ún

Ẹ̀yin ará ilé ní Kúbwà, Lúgbè, Nyanya àti Gwagwaládà tí ẹ ń sọ pé “ife kan péré ni mò ń mu lálẹ́, nítorí ọkàn”, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Àṣìṣe kan náà là ń rí ṣáá: ẹ ń ka ife, ẹ kì í wọn ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ife kan tí àwọn oníṣègùn ń wí ni wáìnì 15 cl tí ìdá ọtí rẹ̀ jẹ́ 12 nínú 100. Ọtí pọ́ńbélé inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 14. Gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ ńlá lè gba 35 cl. Tí ẹ bá dà á kún lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti mu ju ife méjì lọ. Tí ìdá ọtí bá jẹ́ 14 nínú 100, ó ti ń lọ sí mẹ́ta.

Ẹ ra ìgò omi 75 cl. Ẹ pín in dọ́gba sínú gíláàsì márùn-ún tó jọra; 15 cl ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì fa ìlà síbi tí omi dé. Wáìnì kò gbọdọ̀ kọjá ìlà yẹn. Ẹ ka ara ìgò wáìnì pẹ̀lú, níbi tí wọ́n kọ “Alc. % vol.” sí, ìyẹn ìdá ọtí nínú 100. Àwọn kan tí wọ́n ń pè ní wáìnì lọ́jà kò ní ọtí rárá, ṣúgà ló kún inú wọn. Kí alátọ̀gbẹ ṣọ́ra fún ìyẹn.

Ìtọ́sọ́nà Amẹ́ríkà fún ọdún 2020 sí 2025 ní kí ọkùnrin má ju ife méjì lọ lójúmọ́, kí obìnrin má ju ẹyọ kan. Wọn kò ní kí ẹni tí kì í mu bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì tọ́jú ti ọ̀sẹ̀ pa mọ́ de òde ọjọ́ Sátidé: gíráàmù 7 sí 10 péré ni ẹ̀dọ̀ ń rí yọ ní wákàtí kan.

Ní ti ọkàn, ìwádìí àtijọ́ fi hàn pé àrùn ọkàn kì í pọ̀ lára ẹni tó ń mu díẹ̀ tó ẹni tí kì í mu. Ṣùgbọ́n àwọn tí àìsàn mú kí wọ́n jáwọ́ nínú ọtí wà lára “ẹni tí kì í mu” yẹn, nítorí náà àfiwé ọ̀hún kò dọ́gba. Jẹjẹrẹ ni kò ní àríyànjiyàn: ọtí ń fa ti ọyàn, ti ẹ̀dọ̀ àti ti ọ̀nà ọ̀fun. Lóṣù Kìíní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí kò léwu. Wáìnì pupa kì í fi ẹ̀jẹ̀ kún ara o! Èèpo èso àjàrà ló pọ́n ọn. Ẹ lọ ra ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹ̀dọ̀ màlúù.

Kí aboyún àti ẹni tó fẹ́ wakọ̀ má fẹnu kàn án. Ẹni tó ń lo oògùn Flagyl, kó dúró títí di ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn hóró tó lò kẹ́yìn. Alátọ̀gbẹ tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì kò gbọdọ̀ mu ún lófìfo inú, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lóru.

Ìgò tí ẹ bá ṣí, ẹ dé e, ẹ gbé e sí fíríìjì. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Tí kò bá sí iná tó sì kan, ẹ dà á nù.