Kíkó Wọ Ilé Kékeré: Òògùn Oko Ò Gbọdọ̀ Bá Wa Sùn

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú làálàá ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó kúrò nílé ńlá bọ́ sí ilé kékeré la kọ ìwé yìí fún. Ẹ pọ̀ ní Èkìtì wa báyìí. Àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó, sí Ìbàdàn, sí òkè òkun, ilé oníyàrá mẹ́jọ wá ku bàbá àti ìyá nìkan, òrùlé ń jò, ìjì oṣù kẹta tún ti ṣí páànù méjì mẹ́ta lọ, ni wọ́n bá ní ẹ jẹ́ á kúkú lọ máa gbé yàrá méjì tó wà lẹ́yìnkùlé. Àwọn míì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, wọ́n kúrò nínú kọ́tàsì l'Adó wọ́n padà sí Ìkọ̀lé tàbí Ọmùò. Opó míì sì wà tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n pín ogún, yàrá kan àti pálọ̀ ló kàn án. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ilé kékeré yá gbá, owó àtúnṣe rẹ̀ ò pọ̀, àgbàlagbà ò sì ní máa gun àtẹ̀gùn lóru.

Àmọ́ ohun kan wà tá à ń rí léraléra, òun ló jẹ́ ká jókòó kọ ìwé yìí. Tọkọtaya kan tí wọ́n ń ṣe oko kòkó, wọ́n kó kúrò nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá wọn bọ́ sí yàrá kan àti pálọ̀. Wọ́n ní àpò ẹ̀wà mẹ́ta. Nílé àtijọ́, yàrá kan wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá ilé ìdáná tó jẹ́ pé ẹ̀wà, àgbàdo, pọ́ńpù òògùn àti kẹ́gì ni wọ́n ń kó síbẹ̀, ẹnì kankan kì í sùn síbẹ̀. Nílé tuntun, ibo ni ẹ̀wà máa wà? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n kó o sí. Wọ́n sì ti ju òògùn oníhóró tó ń pa kòkòrò sínú àpò kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Nígbà tó fi máa di ìdájí, ìyá ń bì, orí ń fọ́ bàbá, ọmọ-ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́fà tó sùn sílẹ̀ lórí ẹní ò lè mí dáadáa mọ́. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, aládùúgbò tó ń lọ sí oko ló gbọ́ ìkérora tó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. Ọmọ yẹn lo ọjọ́ mẹ́rin ní ọsibítù. Nígbà tá a bi wọ́n pé kí ló dé, ohun tí bàbá sọ ni pé, "Bá a ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́ náà nìyẹn o."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é náà ni, ilé ló yí padà. Nínú ilé ńlá, àyè tó wà láàárín yàrá òògùn àti yàrá tẹ́ ẹ ń sùn ló ń gbà yín là, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ẹ ti fi àyè yẹn sílẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ wá gbé òògùn dání.

Ká tó padà sórí ọ̀rọ̀ òògùn, ẹ jẹ́ á sọ bẹ́ ẹ ṣe máa wọn ilé, torí ẹni tí ò wọn ilé ló máa ń bára ẹ̀ níbi tí àyè ò ti sí mọ́, ibẹ̀ ló ti máa ń ti nǹkan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́ ẹ kó, ẹ mú tẹ́ìpù lọ síbẹ̀. Yàrá tó wọ́pọ̀ jù nílé wa, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú, 12 ní gígùn ni. Bẹ́ẹ̀dì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4½ ní ìbú, 6 ní gígùn, tẹ́ ẹ bá gbé e ti ògiri kan, ẹsẹ̀ bàtà 5½ ló kù ní ìbú. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 2 sílẹ̀ fún ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà dìde lóru, ẹ má jẹ́ kó dín sí i, torí àgbàlagbà tó kọsẹ̀ lára àpótí lóru tó ṣubú, ìdí rẹ̀ lè má san mọ́. Wọ́dúróòbù tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2 tún gba tiẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ péré ló kù. Ó tán. Kò gba àga ìjókòó, kò gba fìríìsà, kò gba àpò kankan. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tàbí eérú fa ilà gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ rìn yí i ká kẹ́ ẹ rí i fúnra yín. Ohun tí kò bá ní ilà tiẹ̀ nílẹ̀ yẹn, ẹ má gbé e sórí mọ́tò.

Ẹrù àwọn ọmọ ńkọ́? Ọmọ tó wà l'Èkó tó ń sọ lórí fóònù pé kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan àga òun, ẹ fún un lóṣù kan kó wá gbé e. Tó bá kọjá oṣù kan, ẹ tà á tàbí kẹ́ ẹ fi tọrẹ. A ò sọ èyí láti bínú sọ́mọ, ilé yín kì í ṣe ilé ìkẹ́rùsí. Ìkòkò ńlá tá a fi ń se àríyá, ẹ kó o fún ẹgbẹ́ yín tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹ lè yá a padà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nílò rẹ̀. Odó, a mọ̀ pé ọmọ Èkìtì ò lè ṣe aláìgún iyán, àmọ́ ẹni méjì ò nílò odó tí èèyàn mẹ́ta ń gún. Ẹ mú kékeré kan, kó wà níta lábẹ́ páànù, kẹ́ ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ kí òjò má wọ inú ẹ̀, kẹ́ ẹ kó ọmọ odó wọlé kó má baà sọnù. Aṣọ òkè àti fọ́tò bàbá yín, àpótí kan ṣoṣo, ẹ kó camphor sí i, ẹ tì í. Ìwé ilẹ̀, ìwé ìpín ogún, ìwé ìfẹ̀yìntì, inú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀ ni kẹ́ ẹ kó gbogbo wọn sí, kẹ́ ẹ gbé e síbi tó ga ju orúnkún lọ, kí ọmọ kan sì ya fọ́tò gbogbo wọn sórí fóònù.

Ó yá, òògùn.

Hóró tí wọ́n ń jù sínú ẹ̀wà àti àgbàdo yẹn, aluminium phosphide ni orúkọ ẹ̀. Ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́ lásán ti tó láti jẹ́ kó máa tú èéfín tí wọ́n ń pè ní phosphine jáde. Èéfín yẹn ló ń pa kòkòrò, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín kòkòrò àti ọmọ yín. Ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń gba ihò ògiri, ó ń gba òkè sílììnì bọ́ sí yàrá kejì, torí náà ẹni tó ń gbé ilé tí yàrá ti kọjú síra tó bá lò ó, ó lò ó fún aládùúgbò ẹ̀ náà nìyẹn. Ó lè máa rùn bí áyù tàbí bí ẹja tó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi òórùn ṣe ẹ̀rí, èèyàn lè má gbóòórùn nǹkan kan títí ara ẹ̀ á fi dẹ̀. Kò sí òògùn tó ń pa oró ẹ̀, bí dókítà ṣe máa ran ara lọ́wọ́ kó lè gbé e ni wọ́n máa ń ṣe.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o. Hóró kan ò gbọdọ̀ wọ ilé tí èèyàn ń sùn. Ì báà jẹ́ ìdajì hóró. Ì báà jẹ́ pé ẹ fi ọ̀rá mẹ́ta wé e. Ì báà jẹ́ pé pálọ̀ ni, pé ẹ sì ti ilẹ̀kùn. A ti sọ ọ́ nípàdé, a ti sọ ọ́ lọ́jà, àwọn èèyàn á mi orí, a ó tún dé ilé wọn a ó bá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Òògùn olómi náà ńkọ́, ti ewéko, ti kòkó, ti ẹ̀fọn? Ẹ kàn àpótí onígi tàbí onírin kan, kẹ́ ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí i, kó jìnnà sílé ní ìṣísẹ̀ 20 ó kéré tán, kó jìnnà sí kànga náà, kó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 kí ọmọdé má nà án. Inú ike tí wọ́n tà á ni kó wà, pẹ̀lú lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀. Èyí tó jẹ́ ẹ̀tù, ẹ gbé e sókè, èyí tó jẹ́ omi, ẹ gbé e sísàlẹ̀, kó má baà jò sórí ẹ̀tù. Pọ́ńpù àti aṣọ tẹ́ ẹ fi ń fín oko, ibẹ̀ náà ni, aṣọ yẹn ò sì gbọdọ̀ bá aṣọ ọmọ wọ inú abọ́ ìfọṣọ kan náà. Tí kò bá sí àyè kankan níta, ẹ má ra ju èyí tẹ́ ẹ máa fín tán lọ́jọ́ kan náà.

Ike tó ti ṣófo, ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ da omi náà sínú pọ́ńpù kẹ́ ẹ fín in sóko, kẹ́ ẹ wá fi ìṣó dá ike náà lu. Ẹ má fi bu epo pupa. Ẹ má fi bu omi. Bẹ́ ẹ bá ń palẹ̀ ilé àtijọ́ mọ́, ẹ máa rí àwọn tó ti pẹ́, Gammalin, òògùn kòkòrò tí bàbá fi sílẹ̀, paraquat, òògùn apakoríko tí NAFDAC ti fòfin dè láti oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹ má dà á sódò, ẹ má sun ún, ẹ má sì kó o dání pé bóyá ó máa wúlò. Ẹ pe òṣìṣẹ́ ADP, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, tó wà nítòsí yín kó sọ ibi tẹ́ ẹ máa kó o sí.

Ẹ máa bi wá pé, kòkòrò á wá jẹ ẹ̀wà wa tán ni? Rárá o. Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS wà lọ́jà. Ọ̀rá méjì ló wà nínú ẹ̀, sáàkì sì wà níta. Kòkòrò á lo gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ tán, á kú, ẹ ò fi òògùn kankan sí i. Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe. Ọkà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ ọkà kan sínú ìgò tó gbẹ, ẹ da ṣíbí kékeré iyọ̀ tó gbẹ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ, ẹ dá a padà sí oòrùn. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó lu. Ẹ rọ ọkà sí i, ẹ ṣẹ́ ìwọ̀n rúlà kan kù lókè, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ọ, ẹ ká a, ẹ dè é. Ọ̀rá kìíní lọ́tọ̀, ìkejì lọ́tọ̀, sáàkì lọ́tọ̀. Ẹ tò ó sórí pákó, kó má kan ilẹ̀, kó má kan ògiri, ẹ ṣọ́ eku. Tó jẹ́ díẹ̀ lẹ ní, kẹ́gì líta 25 tó mọ́, tí wọn ò fi bu òògùn rí, á gba bíi kílò 18 sí 20. Ẹ rọ ọ́ kún dé ẹnu, ẹ dé e pa. Ó lè wà nínú yàrá, kò ní pa ẹnì kankan. Ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ tẹ́ ẹ tọ́jú de Kérésì náà, bẹ́ẹ̀ ni.

Iṣu, ẹ fi sílẹ̀ nínú àká lóko. Èyí tẹ́ ẹ máa jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì nìkan ni kẹ́ ẹ gbé wálé, torí iṣu tí wọ́n kó jọ síbi tí atẹ́gùn ò sí, rírà ló máa rà.

Jẹnẹrétọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé, níta, kì í ṣe ní kọ́rídọ̀. Bẹ́ńtírò ò wọ yàrá. Sílíńdà gáàsì, ẹ gbé e síta pẹ̀lú páìpù. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Tí ẹnì kan bá jí lóru tó ń bì, tí orí ń fọ́ ọ, tí àyà ń há a, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé òògùn wà nínú ilé, ẹ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo yín, ẹ má dúró wá fóònù. Ẹ má da omi sórí hóró yẹn o, omi á jẹ́ kó tú èéfín sí i ni. Epo pupa ò ṣe nǹkan kan fún èéfín tí èèyàn ti fà símú, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ, kẹ́ ẹ sọ orúkọ òògùn náà fún dókítà láìfi bò. Àwọn kan máa ń tijú, wọ́n á ní ibà ni. Dókítà á máa tọ́jú ibà, aláìsàn á sì máa lọ.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́ nílé tuntun, kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹní, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ wo orí wọ́dúróòbù, torí àwọn tó bá yín kó ẹrù ò mọ èyí tó jẹ́ òògùn, ibi tí àyè bá wà ni wọ́n ń gbé nǹkan sí. Tẹ́ ẹ bá rí kẹ́gì tàbí ọ̀rá tẹ́ ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ má ṣí i kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀. Ẹ gbé e síta lálẹ́ yẹn náà, tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé òjò ń rọ̀, ẹ fi páànù bò ó kí omi má kàn án, ẹ wá ṣí fèrèsé kẹ́ ẹ tó sùn.