Bí mo ṣe fi ọ̀sẹ̀ 14 dá oògùn wárápá dúró

Abẹ ni mo fi ń gé e. Carbamazepine tí mo ń lò, 200 mg ni hóró kan, ìlà sì wà láàárín rẹ̀. Màá gbé abẹ lé ìlà yẹn lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, màá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: páú! Ìdajì kan á fò lọ. Mo ti wá ìdajì oògùn lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ju bí mo ṣe wá abẹ́rẹ́ lọ.

Hóró kan láàárọ̀, hóró kan lálẹ́, ọdún 9 gbáko. Ní ọdún kẹta, mo fúnra mi dá a dúró lójijì: oògùn ti wọ́n, ara mi sì le. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wárápá gbé mi ṣánlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mushin, apá mi bọ́ sórí áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Ọmọ iṣẹ́ mi ti ń wá ṣíbí tí yóò kì bọ̀ mí lẹ́nu. Ìyá oníbúrẹ́dì ló pariwo mọ́ ọn pé kó jù ú sílẹ̀, kó yí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọdún 4 ni kò ti gbé mi kí n tó lọ bá dókítà. Ó ní ó kéré tán, ọdún 2 làwọn máa ń retí kí àwọn tó sọ̀rọ̀ ìdádúró. Ó ní kí n lọ ṣe EEG, àyẹ̀wò tó ń wo bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo tú irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì (owó mi o!), wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi lórí. Èsì dára, ṣùgbọ́n dókítà sọ fún mi láìfi bò pé wárápá ṣì lè padà wá.

Ìdajì hóró la ń yọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, ti àárọ̀ la sì kọ́kọ́ dín. Ẹni tó ń lo phenobarbital, oògùn wárápá mìíràn, tirẹ̀ máa ń falẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà kí ẹnikẹ́ni má wo tèmi ṣe tirẹ̀.

N kò wa mọ́tò. Dókítà ní ó di oṣù 6 lẹ́yìn tí mo bá dá a dúró tán. N kì í ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ló ń lọ aṣọ. Oorun ló le jù, torí àìsùn máa ń fa wárápá, àsìkò aṣọ ẹbí sì ni. Mo dá aṣọ èèyàn 11 padà. Àǹtí mi gbé àgbo wá láti Ìkòròdú, pé yóò fọ oògùn òyìnbó kúrò lára mi. Mo kúnlẹ̀ gbà á, mo gbé e sẹ́yìn fíríìjì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ọwọ́ mi ta gìrì, àlùmọ́gàjí já bọ́. Mo pe dókítà lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé ẹ ń sùn?"

Òru mẹ́ta ni iná ò sí, ooru ò jẹ́ kí n fojú kan oorun. Ó ní kí n lo ọ̀sẹ̀ 2 sí i lórí ìwọ̀n tí mo dé kí n tó tún dín in.

Ìdajì kan ṣẹ́ kù nínú ike. Ọkọ mi ní kí n dà á nù. Mo ní ó dìgbà tí oṣù 6 bá pé.